Ẹ gbà mí o: wọ́n fẹ́ ta road bike sáìsì 56 fún mi, 5ft 3 ni mo ga, ẹni tó ń tà á ní ká sáà rẹ síìtì wálẹ̀

Ọmọ_Súrùlérè

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ibí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, mi ò kàn dá sí i rí ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí, ọlọ́mọ méjì, orí àga ni mo ń jókòó sí látàárọ̀ ṣúlẹ̀ níbi iṣẹ́. Dókítà ní kí n wá eré ìdárayá kan ṣe, mo gbìyànjú kí n máa sáré, orúnkún mi ní òun ò gbà. Ni mo bá ní kí n ra kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ ológere o, kì í ṣe ti Márúwá haha. Ìgbà tí mo gùn ún kẹ́yìn, pírámárì fáìfù ni mo wà.

Ohun tó kó sí mi lórí ni pé àwọn kan wà tí wọ́n máa ń kọjá níwájú ilé wa láràárọ̀ Sátidé, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, wọ́n á wọ ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ra, kẹ̀kẹ́ wọn á máa dún ṣììì lórí títì, obìnrin méjì wà nínú wọn, ó wù mí wọ eegun. Irú tiwọn ni mo fẹ́, èyí tí hándù ẹ̀ ká wálẹ̀ bí ìwo àgbò.

Mo wá rí tòkúnbọ̀ kan lọ́wọ́ bọ̀dá kan lápá Òjúẹlẹ́gba, ó mọ́, kò dípẹtà, 280k ló pè é. Wọ́n kọ 56 sára irin ẹ̀. Èmi 5ft 3 ni mo ga. Nígbà tí mo gùn ún wò, ńṣe ni mo ń nà gbọọrọ bí ẹni tó fẹ́ mú adìẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní bọ̀dá, ṣé kò tóbi jù fún mi ni, ó ní "Àǹtí, a máa rẹ síìtì ẹ̀ wálẹ̀ ni, ara yín á mọ́ ọn." Ó tún ní tí mi ò bá fẹ́ ìyẹn, òun ní ti obìnrin, ó wá gbé ọ̀kan aláwọ̀ pọ́pù jáde tó ní agbọ̀n níwájú, bí èyí tí màmá kan fi ń lọ ra ewédú.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ló sọ? Ṣé kẹ̀kẹ́ obìnrin yàtọ̀ ni? Kí ni kí n máa wò? Mi ò fẹ́ fowó jóná.

Bàbá_Sípánà

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Má rà á. Kódà tó bá gbé e wá sí 150, má rà á.

Láti ayé Raleigh dúdú tí àwọn tíṣà ń gùn lọ síléèwé ni mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Mọ́kọ́lá níbí, "ẹ jẹ́ ká rẹ síìtì wálẹ̀" yẹn, èmi náà ti sọ ọ́ fún kọ́sítọ́mà rí, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Tá a bá rẹ síìtì wálẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan la tún ṣe. Apá ńkọ́? Láti ibi síìtì dé ibi hándù, fírémù ló ni ín, kò sì sí sípánà tó lè gé fírémù kúrú.

56 tó o rí yẹn, iye cm tí irin ìsàlẹ̀ síìtì gùn tó ni wọ́n fi ń ka á láyé àtijọ́, láti ibi tí pẹ́dà ti ń yí dé orí irin. Lóde òní àwọn míì ń kọ S, M, L, nọ́ńbà ilé iṣẹ́ kan ò sì bá ti èkejì mu, 50 ti lágbájá lè jẹ́ 52 ti tàmẹ̀dò. Ṣùgbọ́n bó ti wù kó rí, ẹni tó ga tó 5ft 10 ló ni 56. Ìwọ, láàárín 48 sí 50 ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò, àwọn kan tó ga bíi tìẹ á gun 52 tí apá wọn bá gùn.

Lọ yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀ rẹ. Fi orí ẹ̀ sí àárín ibi tí hándù ti wọnú fírémù níwájú, nà án lọ sẹ́yìn kó tẹ́jú bí omi inú abọ́, má jẹ́ kó bá irin dà gẹ̀rẹ́ o, títí á fi kan irin tó gbé síìtì dúró. Tó o bá ga bó o ṣe ga yẹn, 50 sí 52 cm ló yẹ kó o bá níbẹ̀. Lára ti bọ̀dá Òjúẹlẹ́gba yẹn, wàá bá bíi 56. Ó lè dà bíi pé kí ni 5 cm, ó tó ìka mẹ́ta péré. Ó dáa, lọ na apá rẹ kọjá ibi tó yẹ kó dé ní ìka mẹ́ta, dúró bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan, kó o wá gbọ́ ohun tí ọrùn rẹ máa sọ fún ẹ.

Ṣòkòtò àgbàbọ̀ọ̀, bí ò fún ni lẹ́sẹ̀ a ṣo ni, rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń bá ni mu. Kẹ̀kẹ́ òyìnbó gíga kan nìyẹn, àgbàbọ̀ọ̀ ni lọ́dọ̀ rẹ kódà tó o fowó ara rẹ rà á.

Àjíkẹ́_Peckham

Bàbá ẹ ṣé o, ẹ ti sọ gbogbo ẹ̀ tán. Àbúrò mi, jẹ́ kí n sọ tèmi fún ẹ torí pé òdìkejì àṣìṣe tó o fẹ́ ṣe yẹn lèmi ṣe.

5ft 2 ni mo ga. Nígbà tí mo fẹ́ ra tèmi ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ètò kan wà níbi iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Cycle to Work, wọ́n á máa yọ owó ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára owó oṣù kí wọ́n tó mú owó orí. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan, mo ní mo fẹ́ ti obìnrin, wọ́n gbé ti obìnrin fún mi, àwọ̀ ẹ̀ rẹwà bí aṣọ òkè, ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀. Sáìsì S ti tán nílẹ̀, wọ́n ní M ò lè ṣe nǹkan kan, "ti obìnrin sáà ni." Mo gbé e lọ sí Richmond Park, tó o bá yí i po lẹ́ẹ̀kan bíi kìlómítà mọ́kànlá ni. Mi ò parí ìyípo kejì. Ọwọ́ mi méjèèjì kú, mi ò mọ̀ bóyá mo ṣì ní ìka, àárín èjìká mi ń jó mi bíi pé ẹnì kan fi áyọ́ọ̀nù lé e. Mo rò pé èmi ni mi ò lágbára ni o! Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bá ara mi jà kí ẹnì kan tó wò mí láti ẹ̀yìn tó ní "kẹ̀kẹ́ yìí tóbi jù ẹ́ lọ."

Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé ọ̀rọ̀ "ti obìnrin" yẹn, ẹ má fi ṣe ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ wò. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé obìnrin ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn, àyà àti ẹ̀yìn ẹ̀ kúrú, nítorí náà kí fírémù ẹ̀ kúrú kí iwájú ẹ̀ sì ga. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Georgena Terry, ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí gbajúmọ̀, ọdún 1985 ló dá ilé iṣẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀, àwọn fírémù kékeré tó ń ṣe, ó máa ń fi táyà kékeré síwájú kí ó lè kúrú dáadáa láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ èèyàn ń gbá táyà. Giant, ilé iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ńlá kan, náà wá dá Liv sílẹ̀ fún obìnrin nìkan ní 2008. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ Specialized tí àwọn náà ń ṣe ti obìnrin tẹ́lẹ̀ ti pa á tì, wọ́n ní nígbà tí àwọn wo ìwọ̀n àwọn èèyàn tí àwọn ti wọ̀n, ìyàtọ̀ tó wà láàárín obìnrin sí obìnrin pọ̀ tó èyí tó wà láàárín ọkùnrin sí obìnrin. Èmi gbà wọ́n gbọ́. Àbúrò mi obìnrin tí a jọ jáde láti inú kan náà, a ga bákan náà, apá ẹ̀ fi nǹkan bí ìka méjì gùn ju tèmi lọ, kẹ̀kẹ́ tó bá a mu kò lè bá mi mu láé.

Wúrà_Houston

Àǹtí Àjíkẹ́, mo gba èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ ṣùgbọ́n mi ò gba gbogbo ẹ̀. Liv ni mò ń gùn, sáìsì XS, ọjọ́ tí mo gbé e jáde ní ṣọ́ọ̀bù ni mo gùn ún délé, mi ò pààrọ̀ nǹkan kan. Tó bá jẹ́ ti gbogbogbòò ni mo rà, mi ò bá pààrọ̀ hándù torí ó fẹ̀ jù, mi ò bá pààrọ̀ síìtì, mi ò bá pààrọ̀ stem, irin tó so hándù mọ́ fírémù, ó kéré tán owó mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ilé iṣẹ́ tó bá ń ṣe fún obìnrin máa ń ṣe sáìsì kékeré gan-an, àwọn míì ò ń ṣe é rárá. Nítorí náà, ẹni tó bá kúrú bíi tiwa, ibẹ̀ dáa láti kọ́kọ́ yọjú sí. Kí wọ́n má sáà fi àwọ̀ tàn án jẹ.

Nípa hándù, àbúrò, wọn kì í sọ ọ́ tó. Kí ẹnì kan fi téèpù wọn èjìká rẹ lẹ́yìn, láti orí eegun ṣónṣó apá kan dé èkejì. Iye yẹn náà ni kí hándù fẹ̀ mọ. Tèmi jẹ́ 37, 38 ni mò ń lò. Tòkúnbọ̀ ọkùnrin sábà máa ń jẹ́ 42 tàbí 44, wàá máa gùn ún bí ẹni tó gbé ọpọ́n àkàrà dání.

Àti bíréèkì! Tí ọwọ́ rẹ bá kéré, kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé ibi tí ọwọ́ ń sinmi lé lórí bíréèkì, kó o wò ó bóyá ìka méjì dé irin tí wọ́n ń fà yẹn láìjẹ́ pé o ṣí àtẹ́lẹwọ́ kúrò. Púpọ̀ nínú àwọn tuntun ní ṣókóró kékeré kan tí wọ́n ń yí kí irin yẹn lè súnmọ́ ọwọ́. Béèrè ẹ̀. Ìka tí ò bá dé bíréèkì, kò sí ohun tí ẹwà kẹ̀kẹ́ fẹ́ ṣe fún un nígbà tí dánfó bá já wọ iwájú rẹ.

Kò_Kàn_Mí

Ìyàwó ilé tó ní ọmọ méjì, kẹ̀kẹ́ wo lẹ fẹ́ gùn lójú títì Èkó? Ẹ lọ máa fo okùn nílé. Wọ́n tiẹ̀ ní kì í dáa fún abẹ́ obìnrin.

Ọmọ_Súrùlérè

Orúkọ yín ti dá yín lóhùn sà. Kò kàn yín.

Àjíkẹ́_Peckham

😂😂😂

Bàbá_Sípánà

Bọ̀dá Kò_Kàn_Mí, ọdún 2024 ni Ese Ukpeseraye gun kẹ̀kẹ́ fún Nàìjíríà ní Olíńpíìkì Paris, ó gun ti ojú títì, wọ́n tún pè é sí ti inú pápá, Nàìjíríà ò ní kẹ̀kẹ́ ìyẹn fún un, àwọn ará Jámánì ló yá a ní tiwọn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn, kó lọ bá àwọn tí ò ra kẹ̀kẹ́ fún un wí. Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.

Fìsíò_Abẹ́òkúta

Torí pé ẹnì kan ti dárúkọ abẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀ láìtijú, iṣẹ́ mi ni. Èmi náà ń gun kẹ̀kẹ́, obìnrin ni mí.

Kẹ̀kẹ́ ò ba abẹ́ obìnrin jẹ́. Síìtì tí ò bá ẹni mu ló ń fìyà jẹ ẹ́. Lára eegun ìdí méjì tó wà nísàlẹ̀, àwọn tó o máa ń mọ̀ lára tó o bá jókòó sórí àpáta, ibẹ̀ ló yẹ kí ìwúwo rẹ wà. Tí síìtì bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, eegun yẹn á bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹran ara rírọ̀ tó wà láàárín lá wá máa ru ẹ, òun ló ń kú, òun ló ń wú, òun ló ń bó. Tó bá sì fẹ̀ jù, itan á máa há. Obìnrin sábà máa ń fẹ̀ ju ọkùnrin lọ níbi eegun yẹn, ìdí nìyẹn tí síìtì tó bá tòkúnbọ̀ wá kì í fi í bá wa mu, ṣùgbọ́n wọn ara rẹ, má fojú bù ú.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́ nílé rèé. Wá páálí, ti índómì dáa. Gbé e sórí àpótí líle, wọ nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, jókòó lé e, tẹ síwájú díẹ̀ bí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́, gbé ẹsẹ̀ sókè kúrò nílẹ̀ kó o lè tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Dìde. Wàá rí ojú ibi méjì tó jin wọlé. Wọn àárín ọ̀kan sí àárín èkejì, fi bíi 2 sí 3 cm kún un. Tó o bá rí 12, síìtì 143 mm sí 150 mm ni kó o wá, wọ́n máa ń kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀. Èyí tó ní ihò tàbí kòtò láàárín máa ń tu ọ̀pọ̀ obìnrin lára. Ẹ má ra èyí tó rọ̀ bíi tìmùtìmù nítorí Ọlọ́run, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi ń dùn, lẹ́yìn náà lo máa wọ̀ ọ́ bí ẹsẹ̀ tó rì sínú ẹrẹ̀, ibi tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn ló máa fọwọ́ kàn. Kí síìtì tẹ́jú, imú ẹ̀ lè tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ báyìí, kó má ga sókè láé. Ṣòkòtò onífóòmù tí wọ́n fi ń gun kẹ̀kẹ́, wọn kì í wọ pátá sábẹ́ ẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ṣe yín bákan. Ojú rírán pátá gan-an ló ń ha yín.

Ohun kejì, ara rẹ á máa sọ ohun tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ fún ẹ. Orúnkún ń dùn ẹ́ níwájú, síìtì ti lọ sílẹ̀ jù. Ó ń dùn ẹ́ lẹ́yìn orúnkún, tàbí ìdí rẹ ń jó síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí síìtì, ó ti ga jù. Ọwọ́ ń kú, ọrùn ń ro, hándù jìnnà jù tàbí imú síìtì ti tẹ̀ jù tó ń tì ẹ́ síwájú. Ọmọ_Súrùlérè, ìwọ tó o ti ní ẹjọ́ orúnkún tẹ́lẹ̀, bọ̀dá tó ní kẹ́ ẹ rẹ síìtì wálẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ ńlá lè gbà ẹ́ yẹn, orúnkún yẹn gan-an ló fẹ́ rán padà sọ́dọ̀ mi.

Ọmọ_Súrùlérè

Áà! Mo ti lọ jókòó lórí páálí. Ọkọ mi wọlé bá mi níbẹ̀, ó ní ṣé mo ń sàba ni 😂 12.5 ni mo rí.

Ìbéèrè mi ni pé síìtì, báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tó yẹ kó ga dé? Àti pé ẹnì kan ní tí hándù bá jìnnà kí n ti síìtì síwájú, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Bàbá_Sípánà

Rárá o. Síìtì tí wọ́n ń tì síwájú tì sẹ́yìn, nítorí orúnkún ni. Hándù tó bá jìnnà, stem la fi ń tún un ṣe, irin kúkúrú tó so hándù mọ́ fírémù yẹn. Ó máa ń wà láti bíi 70 mm dé 120. A lè yọ 100 kúrò ká fi 80 sí i, ìyẹn á súnmọ́ ẹ ní 2 cm. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, hándù á bẹ̀rẹ̀ sí í ya wèrè, o fọwọ́ kàn án báyìí ó ti yà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní 56 ò ṣeé tún ṣe, 5 cm ò sí lára stem.

Ti gíga: dúró sára ògiri láìwọ bàtà, mú ìwé èèpo líle, Bíbélì tàbí Kùránì tó bá wà nílé náà á ṣe é, ẹ bọ̀wọ̀ fún un ṣá. Fi há itan, fà á sókè kó le dáadáa bíi síìtì, kí ẹnì kan fi bírò sàmì sára ògiri lókè ìwé. Wọn ibẹ̀ dé ilẹ̀. Fi 0.883 sọ ọ́ di púpọ̀. Iye tó o rí ni kó wà láti àárín ibi tí pẹ́dà ti ń yí dé orí síìtì.

Tí ìṣirò ò bá wù ẹ́, gorí kẹ̀kẹ́, kí ẹnì kan di ọ́ mú, gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà nígbà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Kí ẹsẹ̀ na tán láìjẹ́ pé ìdí rẹ ṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tó o bá wá gbé ibi ìka ẹsẹ̀ lé e bó ṣe yẹ, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀. Ó parí. Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, 5 mm sókè 5 mm sísàlẹ̀ bí ara bá ṣe ń sọ.

Ọmọ_Súrùlérè

74 cm. Kálíkúlétọ̀ ní 65.3.

Ẹkùn_Ẹ̀fọ̀n

Ẹ kú àpérò. Ẹ ti sọ ti sáìsì, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan mẹ́rin kún un tó máa ń kó àwọn tó ń ra tòkúnbọ̀ sí wàhálà, mo ti jìyà gbogbo ẹ̀.

Bíréèkì lákọ̀ọ́kọ́. Kẹ̀kẹ́ tó bá ti Ìlú Ọba wá, bíréèkì iwájú wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Èyí tó bá ti Jámánì, Holland tàbí Amẹ́ríkà wá, ọwọ́ òsì ló wà. Ẹ fà á wò kẹ́ ẹ tó gùn ún. Èmi fa iwájú gbà pé ẹ̀yìn ni mo fà, mo fò kọjá lórí hándù sínú kòtò ẹlẹ́gbin, ọmọ Ẹ̀fọ̀n Alààyè tó ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, ẹ mọ bí òkè wa ṣe rí.

Jíà. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin eléyín tó wà níbi pẹ́dà. 53 àti 39, ti àwọn eléré ni, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. 50 àti 34 ni kẹ́ ẹ wá, kí eléyín tó tóbi jù lẹ́yìn ní eyín 28 ó kéré tán, 32 tàbí 34 tún dáa jù. Àwọn ará Èkó á ní ilẹ̀ àwọn tẹ́jú, ẹ dúró di ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gùn ún wọ Abẹ́òkúta. Ní ẹ̀yìn apá pẹ́dà fúnra ẹ̀, wọ́n kọ 170 tàbí 172.5 síbẹ̀, gígùn ẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gùn tó sì ní orúnkún tó ń ṣẹjọ́, tó bá rí 165 kó dúpẹ́, ṣùgbọ́n 170 náà ò pa èèyàn.

Táyà. Ẹ wò ó bóyá táyà 28 mm lè wọ inú fírémù láìha irin. Àwọn fírémù àtijọ́ 25 ni òpin wọn, àwọn kan 23, ojú títì wa ò sì jẹ́ kí 23 pẹ́ láyé.

Ìkẹrin, ihò afẹ́fẹ́ ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kò dà bíi ti ọkọ̀, ẹnu ẹ̀rọ fókánáísà ò lè wọ̀ ọ́. Ẹ ra irin páńda kékeré kan tí wọ́n ń dè mọ́ ọn, kò tó ìka, ẹ so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé yín. Ẹ ra pọ́ǹpù ọwọ́ tó ní aago náà, torí fókánáísà ti mọ́tò ló mọ́ lára, 30 psi ló máa fún yín, ti yín sì ń fẹ́ bíi 65 sí 75 psi tó bá jẹ́ 28 mm, ó sinmi lórí bẹ́ ẹ ṣe wúwo tó.

Wúrà_Houston

Ìbòrí náà o. Ẹni tó bá di irun ńlá, ìbòrí ò ní jókòó lórí ẹ̀, á kàn máa léfòó. Ẹ fi irun tẹ́ ẹ sábà máa ń dì dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má lọ pẹ̀lú orí fífá lọ́jọ́ yẹn kẹ́ ẹ wá gbé ghana weaving lé e lọ́sẹ̀ kejì.

Ọmọ_Súrùlérè

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti rà á!!!

Mo padà sọ́dọ̀ bọ̀dá Òjúẹlẹ́gba, mo mú téèpù lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo fẹ́ rán aṣọ fún kẹ̀kẹ́ ni. Mo wọn 56 yẹn níṣojú ẹ̀, 56.5 ni. Mo wọn mẹ́fà míì tó wà níbẹ̀, kò sí èyí tó kéré sí 54. Mo dúpẹ́ mo kúrò níbẹ̀, ó ń pè mí padà pé òun á gbà 200, ọwọ́ mi gbọ̀n díẹ̀ kí n má purọ́, ṣùgbọ́n mo rántí adìẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn ló bá mi rí ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ń kó lọ sí Kánádà, sáìsì 49, wọn ò kọ "ti obìnrin" síbì kankan lára ẹ̀, àwọ̀ eérú lásán. Mo na téèpù, 51.5. Mo dúró lórí ẹ̀, ẹsẹ̀ mi méjèèjì tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, àyè ìka méjì ṣì wà láàárín èmi àti irin. Jíà 50 àti 34, ẹ̀yìn 30. Táyà 25 ló wà lára ẹ̀ ṣùgbọ́n 28 wọ̀ ọ́. Hándù ẹ̀ 40, ó fẹ̀ díẹ̀, mo máa fara dà á títí owó á fi wọlé. Bàbá_Sípánà bá mi pààrọ̀ stem 90 sí 80, wọn ò gbowó, wọ́n ní kí n lọ ra àmàlà jẹ. Wọ́n gbé síìtì sí 65.3, lẹ́yìn ọjọ́ méjì mo rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ sí 65.

Mo ti gùn ún lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ọrùn mi ò ro. Orúnkún mi dákẹ́. Ìdí mi ni ó ń ro mí, tòkúnbọ̀ síìtì ẹ̀ ni mo ṣì ń lò, 130 mm ni wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀, mo ti ń wá 155.

Nǹkan kan ń dẹ́rù bà mí ṣá. Tí mo bá fẹ́ yí kọ́nà díẹ̀díẹ̀, ìka ẹsẹ̀ mi ń kan táyà iwájú. Ṣé àbùkù ni?

Bàbá_Sípánà

Kì í ṣe àbùkù, ọmọ mi. Fírémù kékeré tó bá gbé táyà ńlá tí wọ́n ń pè ní 700c, ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, àyè ò tó láàárín pẹ́dà àti táyà. Tó o bá ń lọ kíákíá, kò lè ṣẹlẹ̀, torí hándù kì í yà tó bẹ́ẹ̀ lórí eré. Ibi gósílóò, tó o ń rìn bí ìgbín láàárín ọkọ̀, ni kó o ti ṣọ́ ọ: ẹsẹ̀ tó wà ní òdìkejì ibi tó o fẹ́ yà sí, jẹ́ kó wà lẹ́yìn, dá pẹ́dà dúró, kó o yí kọ́nà tán kó o tó tún tẹ̀ ẹ́. Lọ fi dánrawò ní pápá bọ́ọ̀lù kan ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè.

Kó o sì dín bàtà ńlá yẹn kù. Mo rí i lẹ́sẹ̀ rẹ lọ́jọ́ yẹn, mi ò fẹ́ sọ.

Ọmọ_Súrùlérè

😂 Bàbá ẹ ti rí mi. Mo ti gbọ́ sà.

Ó ku ẹyọ kan. Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́fà ku ogún ni mo máa dúró níwájú ilé pẹ̀lú ìbòrí mi. Àwọn tó máa ń kọjá yẹn, tó fi mọ́ obìnrin méjì tó wà láàárín wọn, ṣé ẹnikẹ́ni níbí mọ̀ wọ́n? Kí n má lọ máa lé àwọn tí mi ò mọ̀ bí ajá.

Sátidé_Àárọ̀

Àǹtí, ẹ̀bá Ògùnlànà Drive ni ilé yín àbí apá Bọ́dè Thomas? Tó bá jẹ́ Ògùnlànà, àwa nìyẹn. Èmi ni mo máa ń wọ ìbòrí ofeefee. Ẹ mú túùbù kan dání, àti omi.